Bọ́ọ̀sì elérò púpọ̀ ní Ítálì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rìnlá là ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ mi ní Ítálì. Ṣé àbúrò mi tó ń fi bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún kó èrò lọ sí Ìlọrin lè háyà irú rẹ̀ wà lọ́hùn-ún? — Ìyá Ọkọ Ìyàwó, Ọ̀ffà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìnáwó, Mà. Rárá o. Láìsẹ́ńsì ọkọ̀ kékeré, B, kò kọjá èrò mẹ́jọ àti awakọ̀ ní Yúróòpù. Ẹ háyà irú ọkọ̀ elérò mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ méjì, kí awakọ̀ méjèèjì sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òkèèrè mọ́ láìsẹ́ńsì Nàìjíríà wọn.

Ilé epo gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ń lò. "Gasolio" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àmì B7 nínú igun mẹ́rin ni tiẹ̀. E5 tàbí E10 nínú róbótó, pẹtiróòlù ni. Bí wọ́n bá ṣì í rọ, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mú kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Pẹtiróòlù á fọ̀ ọ́ kúrò, irin á máa ha irin, èérún rẹ̀ á sì ṣàn dé ẹnu ìfọ́nepo ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n fa epo náà jáde pátá.

Bí ẹ bá rí ZTL, ìyẹn àmì àdúgbò tí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló lè wọ̀, lẹ́nu àárín ìlú àtijọ́, ẹ má wọ̀ ọ́; kámẹ́rà ń ya nọ́ńbà ọkọ̀.