Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń dá ìjà sílẹ̀ ní Kòríà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Oṣù mẹ́ta rèé tí a dé Suwon, ọkọ mi ń kàwé níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò lè jókòó sójú kan. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ti fẹjọ́ wa sun bàbá ẹ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lánàá, mo na ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń yọ́ rìn nínú ilé bí ẹni tó jalè. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ṣé kí a kó kúrò ni? Ìyá Àyọ̀mídé.

Ìdáhùn: Ìyá Àyọ̀mídé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má kó kúrò, ẹ má sì tún na ọmọ yẹn mọ́ nítorí èyí. Ilẹ̀ tí ó ń sáré lé lórí ni àjà ilé ìyá yẹn. Ní Kòríà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, ilẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ń jókòó sí, tí wọ́n ń sùn sí. Ọ̀rọ̀ ariwo yìí le débi pé ìjọba fi òǹkà sí i: láti 2023, tí wọ́n bá wọn ariwo ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 39 lọ lọ́sàn-án, tàbí 34 láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Àwọn ọmọ Kòríà fúnra wọn ń bá ara wọn jà lé e lórí, nítorí náà ẹ má yára rò pé àwọ̀ wa ló fà á.

Ẹ ra ẹní fóòmù tó nípọn. Àlòkù pọ̀, kò wọ́n. Ibi tí ọmọ ń gbà sáré gan-an ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí.

Ṣùgbọ́n ẹní nìkan kò tó, ẹ ní láti tọrọ àforíjì pẹ̀lú. Nígbà tí èmi náà dé Ansan ní Kòríà, mo da egungun ẹran pọ̀ mọ́ àjẹkù oúnjẹ nínú ike tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bàbá ẹ̀ṣọ́ ilé wa pè mí wá síbẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń ṣa egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí páálí, ó ń fọwọ́ kan eyín ara rẹ̀, ó ń mirí: ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń fi àjẹkù náà bọ́ kò lè jẹ ẹ́. Inú àpò ìdọ̀tí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tà ni egungun, èèpo ẹyin àti èèpo àlùbọ́sà ń lọ. Láti 1995 ni wọ́n ti ń fi owó àpò yẹn san owó ìdọ̀tí. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Bàbá náà dákẹ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹrí ba fún èmi náà. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń pè mí ní “Tolú eomma”, ìyẹn Ìyá Tolú! Orúkọ ọmọ ni àwọn náà fi ń pe abiyamọ.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ yín rèé. Ẹ má ṣàdédé lọ kan ìlẹ̀kùn ìyá náà. Ẹ ní kí bàbá ẹ̀ṣọ́ sọ fún un pé ẹ fẹ́ wá tọrọ àforíjì. Ẹ mú èso dání, ọsàn tàbí péà, kí Àyọ̀mídé fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, nítorí ọwọ́ kan kò bójú mu níbẹ̀ tó bá jẹ́ àgbà. Kí ó pè é ní halmeoni, ìyẹn ìyá àgbà, kí ó sì sọ pé “joesonghamnida”, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà, kí ó dọ̀bálẹ̀. Lọ́dún tuntun wọn, orúnkún àti iwájú orí ni àwọn ọmọ Kòríà fi ń kí àgbà. Ìyá yẹn á mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Bí ọkàn rẹ̀ kò bá rọ̀, ìjọba ní ibi tí wọ́n ti ń parí irú ìjà yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá ẹ̀ṣọ́ lè bá yín pè wọ́n.

Kí ẹ tó lọ ṣáá, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti Àyọ̀mídé lórí ẹní tuntun yẹn. Ẹ sọ fún un pé eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé pápá ìṣeré tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ ó ti máa jọ sáré ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ rìn yí ilé po, kí ó máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀.