Ẹ kọ ebè kí ẹ tó ra òdòdó mìíràn

Ẹ kú òjò o, àǹtí. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ tán. Ẹ kọ́lé sí ọ̀nà Ìlọrin níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì fẹ́ kí àgbàlá yín rí bí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ rí nínú fọ́tò: ewé ńláńlá, òdòdó pupa, òdòdó aláwọ̀ ọsàn, kí gbogbo rẹ̀ ṣú bí igbó. Ẹ ra àwọn òdòdó tí wọ́n ń pè ní bird of paradise, heliconia àti bougainvillea, pẹ̀lú lẹ́fúnlọ́sùn, ẹ gbìn wọ́n nínú oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, ìdajì wọn ti ń jẹrà nídìí. Ẹ wá ń béèrè bóyá òjò ibí ló pọ̀ jù, àti bóyá kí ẹ gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn lè ráyè wọlé.

Rárá ni ìdáhùn mi sí méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń bá irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà nílùú yìí, owó sì ti bá a lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Òjò Ògbómọ̀ṣọ́ ò tó èyí tí ń pa òdòdó. Gbogbo ohun tó ń rọ̀ níbí lọ́dún, ó kàn lé ní 1,000 mìlímítà ni. Abúlé kan wà lẹ́sẹ̀ òkè Kamẹrúùnù, Debundscha lorúkọ rẹ̀, tó ń gbà ju 10,000 lọ, igbó ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Ibi tí omi wà lẹ́yìn tí òjò bá dá ni kí ẹ máa wò. Ilé tuntun ni tiyín. Tipa tó ń gbé yanrìn wá ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọn bíríkìlà ti da àjákù sìmẹ́ǹtì sí i, yangí sì wà nísàlẹ̀. Ẹ tún ní ẹ ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ iwájú ilé. Níbo wá ni ọ̀gbàrá fẹ́ gbà, bí kò ṣe ibi tí ẹ gbin òdòdó sí? Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, ẹ bu omi kún un lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tó ń pa òdòdó yín mọ́.

Àwọn tó ń ta òdòdó létí títì kì í sọ èyí fún ènìyàn. Ẹni tó ta bird of paradise fún mi ní kí n máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú oṣù Keje! Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀, tó máa ń nípọn tó ìka ọwọ́, ti jẹrà. Awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, fọ́nrán tín-ín-rín kan ló kù láàárín, òórùn rẹ̀ ò sì ṣeé fi imú gbọ́. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni òdòdó yẹn. Ó fẹ́ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí ń kọjá lọ ló fẹ́.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi, oko iṣu ni mo ti mú un. Ẹni tó bá gbin iṣu rí mọ̀ pé orí ebè niṣu ń gbé, poro ni omi ń gbà. Wọ́n ní òjò tó rọ̀ sí ewúro náà ló rọ̀ sí ìrèké, àmọ́ kì í ṣe ojú kan náà ni kí ẹ gbin àwọn méjèèjì sí. Ẹ kọ ebè ńlá, ebè gbọọrọ, kó ga tó orúnkún, kó má ṣe gún régé (èyí tó bá wọ́ díẹ̀ ló máa ń dára lójú), kí ẹ sì jẹ́ kí poro àárín wọn dà sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ po ilẹ̀ pupa yẹn mọ́ ilẹ̀dú àti yanrìn. Ẹ má fi ilẹ̀dú nìkan kọ ọ́, òjò kan péré ló máa wó o palẹ̀.

Orí ebè ni bird of paradise àti bougainvillea máa gbé, bougainvillea pàápàá níbi tó ga jù, tí oòrùn ti ń pa á. Ìyẹn ò nífẹ̀ẹ́ ọ̀rinrin rárá. Ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, tí gbogbo nǹkan yòókù ń ráhùn, ni ó máa ń tanná jù. Bí ẹ bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ewé lásán lẹ máa rí. Ẹ̀gbẹ́ ebè, níbi tó ti ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí poro, ni ti heliconia.

Inú poro àti ẹnu gọ́tà, ẹ sọ ibẹ̀ di àkùrọ̀. Ìdò ló ni ibẹ̀, pupa àti olómi ọsàn. Àwọn ènìyàn ò kà á sí nítorí pé ó ń hù káàkiri, èso rẹ̀ tó dúdú tó sì le kókó ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, àmọ́ ẹ gbìn ín pọ̀ lójú kan kí ẹ rí i bí yóò ṣe rí. Kókò náà ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kókò. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ wo ibi tí igi ewé ti so mọ́ ọn. Bí ó bá so mọ́ inú ewé gan-an, tó jìnnà díẹ̀ sí etí ibi tí ewé ti là, kókò etí omi nìyẹn, ó lè dúró nínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí ibi tí ewé ti là gan-an ni igi náà so mọ́, orí ebè ni kí ẹ gbé e lọ, ẹrẹ̀ ó pa á. Ẹ kán omi sí ewé ti etí omi yẹn, omi náà á ṣù, á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ láìmú un tutù. Mo lè dúró ti òun nìkan lẹ́yìn òjò títí wọn ó fi máa pè mí wá jẹun.

Ẹ má ra igi tí wọ́n ń pè ní traveller's palm láìronú. Wọn yóò sọ fún yín pé ọ̀pẹ ni. Kì í ṣe ọ̀pẹ. Madagascar ló ti wá, ẹbí bird of paradise ni, èyí tí ẹ sì rí tó tẹ́ ewé bí abẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú yẹn lè ga ju òrùlé yín lọ. Bí ẹ bá gbìn ín ti fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn dáadáa, torí pé òun ló ń pa ohun tí òjò bá dá sí. Òjò ń lọ nínú oṣù Kẹwàá, ó lè má padà wá títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Àwọn ewé ńlá tí ẹ ń wò nínú fọ́tò yẹn, ibi tí òjò kì í ti í dá fún oṣù kan ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, etí heliconia á gbẹ, á pọ́n, ewé á ya jálajàla. Nítorí náà, ẹ fi ògiri ilé tàbí fẹ́ǹsì dí ìhà yẹn fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ rántí ibi tí àwọn ìyá wa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí: ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni heliconia. Mo la ojú omi balùwẹ̀ tèmi lọ sí ìdí rẹ̀, àtìgbà náà ni kò ti gbẹ lójú mi mọ́ nínú oṣù Kìíní. Omi ọṣẹ lásán ò ṣe é ní nǹkan kan; omi tí wọ́n da bílíìṣì sí ni kó má débẹ̀. Igi rẹ̀ tó bá ti tanná tán kò ní tanná mọ́ láéláé, ẹ gé e mọ́ ilẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ráyè.

Lẹ́fúnlọ́sùn ní tirẹ̀, tí òjò bá ti ń lọ, gbogbo ewé rẹ̀ á rẹ̀, á pòórá. Kò kú. Iṣu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bomi rin ín nígbà yẹn tó fi ń jẹrà, àwọn mìíràn á ti gbìn nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹ fi òkúta ṣàmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Òjò oṣù Kẹrin ló máa jí i.

Kí ẹ tó tún ná owó sí i, ẹ wo àwọn ti ilé wa. Èmi ò mọ ìdí tí a fi ń wá ewé ńlá lọ sí Èkó nígbà tí ewé eéran wà. Ẹ gbìn ín sábẹ́ máńgòrò yẹn, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má gbẹ, ẹ ó rí ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń dán. Òun lẹ tún máa fi di mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ ọdún, ọgbà òtẹ́ẹ̀lì wo ló ń ṣe ìyẹn? Ìdí ilẹ̀ ni èso rẹ̀ pupa ń wà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ thaumatin, èròjà aládùn kan tó dùn tó ìlọ́po 2,000 ṣúgà ó kéré tán. Gbòdògì náà fẹ́ràn abẹ́ igi bẹ́ẹ̀. Tètèrègún ní tirẹ̀ máa ń lọ́ bí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi yí òpó ká, àlejò tó bá rí i á rò pé ẹ wọkọ̀ òfuurufú lọ rà á ni. Pèrègún ńkọ́? Inú páálọ̀ ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbé e sí, wọ́n ń rà á lówó gidi, àwa sì fi ń pààlà oko. Ẹ gé igi rẹ̀ ní gígùn apá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ó tán.

Mo gbọ́ pé àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ẹ fẹ́ kó ejò wá sílé. Ẹ má bá wọn jà, ẹ kàn má jẹ́ kí ewé bo ẹsẹ̀ ògiri àti ojú fèrèsé. Ẹ̀fọn ni kí ẹ kíyè sí jù. Inú òdòdó heliconia tó dojú sókè máa ń gba omi, ẹ̀fọn sì lè yé síbẹ̀. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n dànù. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ má gbin dieffenbachia, ewé alámì funfun tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò, síbi tọ́wọ́ rẹ̀ ti tó o, ẹnu máa ń wú ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ewúrẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, géètì ni oògùn rẹ̀.

Ní ti ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹrà kó sì tutù kí ẹ tó fi sí i; tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti sọ́míìlì á sọ ewé di pípọ́n bí ẹ bá pò ó mọ́ ilẹ̀. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ fi bo ìdí wọn nínú oṣù Kọkànlá, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò nítorí ikán. Tí òjò bá ti dé padà, ẹ kó o kúrò lára igi wọn, kó má fa jíjẹrà mìíràn.

Èyí tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí: ẹ wú bird of paradise tó kù, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ gé èyí tó ti rà títí ẹ ó fi kan funfun, ẹ gé ewé bíi mélòó kan náà, ẹ sá a sí ibòji kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó gbé e sórí ebè. Òjò tó kù á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ má ra tuntun kankan báyìí, àfi bí oṣù Kẹrin bá dé tí òjò ti múlẹ̀, kí wọ́n lè ta gbòǹgbò dáadáa kí ọyẹ́ tó tún bá wọn. Bí ẹ bá wá fẹ́ èyí tó ní orísun tó dájú, ẹ ya NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, ní Ìdí-Ìṣín tí ẹ bá lọ sí Ìbàdàn. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí yẹn ti wà, òdòdó sì wà lára iṣẹ́ wọn.

Máńgòrò yẹn, ẹ kàn gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Bí ẹ bá gé igi náà fúnra rẹ̀, níbo ni ewé eéran máa rí ibòji nínú oòrùn oṣù Kejì?

Ọmọ ìdò àti ti kókò etí omi pọ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò ta á. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó máa bọ̀, kí ẹ sì mú ọ̀rá àti ìbọ̀wọ́ dání, torí kókò yẹn ń yún ni gan-an.