Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Gbogbo Ẹ̀yà Àlòkù Ni Ó Lè Bá Ẹ́ńjìnì Kan Mu?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 1.8 ti ọdún 2004, èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ni mo fi ń kó èrò láti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì. Nígbà tí a tú u, a rí i pé bẹ́ríǹgì kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì) kan ti jẹ tán, kọ́ńrọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́, kíráǹkì (irin tí písítìn ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) sì ti ha. Owó odidi ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ju agbára mi lọ. Mẹkáníìkì mi ní òun yóò lo búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì tí ihò písítìn wà nínú rẹ̀) tèmi, òun yóò fi kíráǹkì Corolla 1.6 kan sí i, òun yóò wá kọ́ńrọ́ọ̀dù kan nínú àwọn tó wà nílẹ̀, òun yóò sì fi tọ́ọ̀pù sìlíńdà (orí ẹ́ńjìnì) Corolla ọdún 1999 dé e. Ó ní Toyota ni gbogbo wọn. Ṣé kí n gbà fún un? Awakọ̀ èrò, Ìsọkùn, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà fún un bí ó ṣe là á sílẹ̀ yìí. Fífi ẹ̀yà àlòkù tún ẹ́ńjìnì ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè pẹ́ dáadáa bí ẹni tó ń tò ó bá ń wọn nǹkan kí ó tó dì í. Ṣùgbọ́n pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà wà lára ẹ̀yà méjì kò sọ pé wọ́n bá ara wọn mu.

Ti kíráǹkì ni ó léwu jù. Ẹ́ńjìnì tiyín ni a ń pè ní 1ZZ-FE. Bí 1.6 tí ó ń sọ bá jẹ́ ti ìran Corolla yín kan náà tó wá láti Yúróòpù, 3ZZ-FE ni yóò jẹ́. Fífẹ̀ ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ dọ́gba nínú àwọn méjèèjì, mìlímítà 79 ni, èyí sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ìrìn písítìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ó yàtọ̀: mìlímítà 91.5 nínú 1ZZ, 81.5 nínú 3ZZ. Bí wọ́n bá ti kíráǹkì kékeré yẹn bọ inú búlọ́ọ̀kù yín pẹ̀lú kọ́ńrọ́ọ̀dù àti písítìn tiyín, písítìn yóò fi mìlímítà 5 rẹlẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí ó dé lókè, afẹ́fẹ́ kò ní fún pọ̀ tó, ọkọ̀ náà, bí ó bá tilẹ̀ sítáàtì, kò sì ní lè gbé èrò gun àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kíráǹkì 1ZZ gan-an ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ojú ibi tó ha lára kíráǹkì tiyín, ẹ kọ́kọ́ rí bẹ́ríǹgì tó nípọn ju ti àtilẹ̀wá lọ rà, nítorí kíráǹkì tí a ti rẹ́ tí kò ní bẹ́ríǹgì lọ́jà ti di irin lásán.

Ní ti kọ́ńrọ́ọ̀dù, ẹ lè ra àlòkù, kí ó ṣáà jẹ́ ti 1ZZ, kí ó sì wá pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Papọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá gbé ìdérí ọ̀kan fún òmíràn, ihò náà kì í rí róbótó mọ́, bẹ́ríǹgì tuntun yóò sì tún jẹ. Kí wọ́n fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwọ̀n, kí èyí tí ẹ rà má wúwo ju àwọn yòókù lọ. Bákan náà ni férémù álúmíníọ́mù tí ó gbá kíráǹkì mú lábẹ́ búlọ́ọ̀kù: ẹ kíyè sí i kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má ṣèèṣì gbé ti búlọ́ọ̀kù mìíràn dì í. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń da irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ jọ sínú agbọ̀n kan.

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọdún 1999 kò wúlò fún yín rárá. Ọdún 2000 ni Corolla Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lo VVT-i, ètò tí ń yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà, èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín ń retí. Ti 1999 kò ní i. Ìsàlẹ̀ ni ẹ́ńjìnì yín sì ti bàjẹ́, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òkè? Ẹ ní kí wọ́n fi irin tó gún régé yẹ ojú tọ́ọ̀pù tiyín wò bóyá ó ti tẹ̀. Bí àlàfo abẹ́ irin náà kò bá ju mìlímítà 0.05 lọ, tiyín ni kí wọ́n dá padà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí wọ́n fọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì náà, àsẹ́ kékeré ti VVT-i àti pọ́ńpù ọ́ìlì, nítorí eérún bẹ́ríǹgì tó jẹ yẹn ti bá ọ́ìlì rìn káàkiri. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ti ń tún nọ́ọ̀kì.

Jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣáàjì bátìrì, sítátà àti páànù ọ́ìlì, ẹ lè mú wọn lára 1ZZ èyíkéyìí tó jẹ́ ti ìran ọkọ̀ yín. Ríìngì písítìn, bẹ́ríǹgì àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù) ní láti jẹ́ tuntun. Kí písítìn kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò tirẹ̀, kí wọ́n sì ha èédú kúrò nínú àwọn ihò wínníwínní ibi ríìngì ọ́ìlì, torí a mọ 1ZZ sí ẹ́ńjìnì tí ń jẹ ọ́ìlì bí ibẹ̀ bá dí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, ẹ ní kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò gbọdọ̀ ju 14 psi (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) lọ. Ó dára tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ tiyín, nítorí nọ́ḿbà ara rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín bóyá ó ní okùn ike tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo bẹ́ríǹgì, àti sípánà tí ń sọ bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó. Bí kò bá ní wọn, kí ó tú ẹ́ńjìnì náà nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní wọn láti tò ó.