Ẹ̀jẹ̀ Yín Kò Ki, Bíréèkì Rẹ̀ Ni Ó Lè Má Mú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo bímọ ni ẹsẹ̀ mi òsì wú, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan itan mi. Ó ti ṣe ìyá mi àti àbúrò wọn rí. Aláàgbo kan ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ló ki, pé kí n máa mu àgbo afọ̀jẹ̀, kí òun wọ́ ẹsẹ̀ náà, kí òun sì sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ṣé mo lè dáwọ́ oògùn ilé-ìwòsàn dúró?

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ki yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn bí omi, ó tilẹ̀ lè kéré lára ìyá ọmọ, kó sì tún dì sínú iṣan. Nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa, àwọn èròjà kan ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn mìíràn sì wà bíi bíréèkì ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí dídì náà kọjá ojú egbò: antithrombin, protein C àti protein S. Ẹni tó bá jogún àìtó ọ̀kan nínú wọn, bíréèkì rẹ̀ ni kò mú dáadáa. Àgbo kò lè fọ èyí, nítorí kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwa oníṣègùn náà jẹ̀bi díẹ̀, tí a ń pe warfarin, oògùn tí a ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan rẹ̀, ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di omi, ńṣe ló ń dín agbára àtidì rẹ̀ kù.

Bí wọ́n bá wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ dídì lè já, kó gba inú ọkàn lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró, ikú sì lè tẹ̀ lé e. Gbẹ́rẹ́ lára ẹni tó ń lo oògùn yìí lè ṣẹ̀jẹ̀ tí kò ní í dá bọ̀rọ̀, àgbo sì lè ba iṣẹ́ warfarin jẹ́.

Ìtàn ìdílé yín ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ má sáré ṣe àyẹ̀wò àwọn bíréèkì yìí báyìí: oyún máa ń dín protein S kù, warfarin náà máa ń dín òun àti protein C kù, èsì rẹ̀ yóò sì tàn yín jẹ. Factor V Leiden, àléébù àjogúnbá mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ṣàwárí ní 1994, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń pariwo, wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín wa. Jínótáìpù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jogún àìtó bíréèkì yìí ni nǹkan kan kì í ṣe títí ìbímọ, iṣẹ́ abẹ tàbí ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ yóò fi dé.

N kò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà dókítà yín ni yóò sọ iye oṣù tí ẹ óò lo oògùn. Ṣùgbọ́n bí èémí bá gé yín lójijì, tí àyà ń dùn yín tàbí tí ẹ ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ tààrà sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní Federal Medical Centre, Ìdí-Abà. Ẹ sì sọ fún àwọn àbúrò yín obìnrin pé kí wọ́n ka ìtàn ìdílé yìí fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gba oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ dì.