Ta ni Támúsì tí àwọn obìnrin ń sunkún fún nínú Bíbélì?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ ka Esekíẹ́lì orí 8 ẹsẹ 14, ẹ bá àwọn obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù níhà àríwá, tí wọ́n ń sunkún fún Támúsì, ẹnì kan wá sọ fún yín pé ọmọ Nímúródù ni, pé December 25 ni wọ́n bí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Oníwàásù ará Scotland kan ló tan ọ̀rọ̀ Nímúródù yẹn ká ní àwọn ọdún 1850, kò sí nínú ohun tí àwọn ará Bábílónì fúnra wọn kọ sára amọ̀.

Dumuzi lorúkọ Támúsì látilẹ̀, èdè Sumer ni, ìyẹn àwọn tó gbé ní gúúsù Iraq ṣáájú Bábílónì, ó túmọ̀ sí ọmọ rere. Òrìṣà darandaran ni, òun ló ni agbo àgùntàn àti wàrà, òun sì lọkọ Inanna, òrìṣà obìnrin tí Bábílónì ń pè ní Ishtar. Inanna yìí ló gbéra lọ sílùú àwọn òkú níbi tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ereshkigal, ti ń jọba. Géètì 7 ló kọjá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n ń bọ́ nǹkan lára ẹ̀, ìhòòhò ló bá wọlé, wọ́n pa á wọ́n gbé òkú ẹ̀ kọ́ bí ẹran lọ́dọ̀ alápatà. Òrìṣà kan tó ń jẹ́ Enki ló rán àwọn tó jí i, àmọ́ òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá máa jáde gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíì dípò, làwọn ẹ̀mí burúkú bá tẹ̀ lé e wálé. Gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ, bàbá ti múra, aṣọ olówó ńlá, ó jókòó sórí ìtẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Inanna ní ẹ mú un! (Tí mo bá dé ibí yìí ẹ̀rín máa ń pa mí, ẹ dákun.) Àbúrò Dumuzi obìnrin, Geshtinanna, ló gbà láti bá a pín ìyà náà, ìdajì ọdún fún òun, ìdajì fún un.

Ẹ wò ó, ní Iraq òjò kì í rọ̀ nígbà ẹ̀rùn wọn, tó bá ti di June sí July oòrùn á jó koríko, wàrà á gbẹ lọ́mú àgùntàn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ pé Dumuzi kú, tí àwọn obìnrin ń sunkún ẹ̀. Oṣù kẹrin wọn ni wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ pè. Ti pé ó ń jí dìde, òótọ́ ni pé ó ń gòkè padà, ṣùgbọ́n orin ẹkún ló pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù, ayọ̀ ìpadàbọ̀ yẹn kéré. Gilgamesh pàápàá, ọba inú ìtàn àtijọ́ Bábílónì, nígbà tí Ishtar ní kó wá fẹ́ òun, ohun tó fi dá a lóhùn ni pé ṣebí ìwọ náà lo fi ẹkún ọdọọdún sílẹ̀ fún Támúsì tí ẹ jọ fẹ́ra nígbà èwe.

Nígbà tí Esekíẹ́lì fi máa rí ìran yẹn, ní bíi ọdún 592 kí wọ́n tó bí Jésù, ẹkún náà ti dé Jerúsálẹ́mù. Ti December 25 ẹ̀wẹ̀, ẹ bi ará Iraq kankan pé oṣù wo ni Tammuz (Támúsì yìí náà ni), July ló máa pè fún yín, kódà ọjọ́ tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ọba wọn ní 1958, 14 Tammuz ni wọ́n ń pè é.