Kajú Ti Wọ Mọ́tò, Ṣé Owó Ti Wọlé?

ÌBÉÈRÈ: Ìkòyí-Ilé, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ni oko kajú mi wà. Àwọn tó ń rà á kì í kówó wá mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń san án. Lọ́dún tó kọjá, álẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù àbúrò mi, ó ní kí wọ́n kó ẹrù lọ, owó ò sì dé. Ṣé kí n máa kọ̀ wọ́n ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má kọ̀ wọ́n, àwọn tó ń rà púpọ̀ lẹ máa pàdánù. Álẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ má gbà lẹ́rìí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi orúkọ báǹkì yín ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tẹ kóòdù báǹkì lórí fóònù tiyín, kí ẹ wo iye tó wà ní àkáǹtì kí wọ́n tó sanwó àti lẹ́yìn rẹ̀. Kóòdù kì í jẹ dátà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà; bí kò bá sí lóko, ibi tó wà ni kí ẹ ti gbowó, kí mọ́tò ṣì wà níwájú yín. Bí ẹ ti ń wọn ẹrù lọ́wọ́, kí oníbàárà kọ́kọ́ fi 100 náírà dán an wò.

Àmọ́ gbogbo owó tó pẹ́ kọ́ ni jìbìtì. Báǹkì oníbàárà lè ti yọ ọ́, kí tiyín má tíì gbà á. Ẹ gba session ID lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 30 tó wà fún owó tó fi ránṣẹ́ ni. Òun ni báǹkì fi ń tọpa owó. Títí tí yóò fi wọlé, ẹrù ò gbọdọ̀ kúrò.

Ẹ yẹ àkáǹtì yín wò kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Èyí tó wà ní ìpele kìíní (Tier 1), owó inú rẹ̀ kì í ju 300,000 náírà lọ, owó àpò kajú díẹ̀ ló máa kún un, ìyókù á máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. NIN, BVN àti ẹ̀rí àdírẹ́sì ni wọ́n fi ń gbé e sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá ni ẹ̀rọ ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó ti ń jò láìdún. Kí ó fi 0 hàn kí wọ́n tó gbé nǹkan kọ́ ọ. Ẹ wá gbé àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹnì kankan ò tíì tú kọ́ ọ, kí ó fi 50 kílò hàn. Bí ó bá ń jí kílò 2 lórí àpò kan, àpò 10 ti gbé kílò 20 lọ. Ẹ wọn àpò òfìfo náà, kí wọ́n má baà fojú bù ú yọ. Ẹ kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp kí ó tó tẹ iye owó.