Dóòpù mi funfun, apá bàálù mi tún lọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi pákó balsa tó fúyẹ́ kan bàálù àfiṣeré kékeré kan, mo wá kun dóòpù pupa, ìyẹn ọ̀dà bàálù àfiṣeré, sí i lára. Òjò ń ṣú lọ́jọ́ yẹn ṣá, kó tó gbẹ tán ó ti funfun bí ẹni pé wọ́n ku eérú sí i, apá ọ̀tún tí mo kun òkè ẹ̀ nìkan náà ti lọ́. Ṣé dóòpù yẹn ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, dóòpù ò ṣe nǹkan kan, òjò tó ń ṣú yẹn ló ṣe ọ́. Tínà inú dóòpù kì í pẹ́ fò lọ, bó sì ṣe ń fò lọ ló ń mú ojú ibi tó o kùn tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sí i bí ìrì, òun lò ń wò tó funfun un. Má fi sándípépà ha á o! Jẹ́ kí ojú ọjọ́ gbẹ, kó o wá retarder, ìyẹn tínà tí kì í tètè fò, po díẹ̀ mọ́ dóòpù tí ò ní àwọ̀, kùn ún fẹ́lẹ́ lé e, á yọ́ òkè ẹ̀ díẹ̀, omi á ráyè jáde, pupa ẹ á padà.

Ti apá yẹn, dóòpù máa ń súnkì tó bá ń gbẹ, òkè nìkan lo sì kùn, ó ti fà á sọ́dọ̀ ara ẹ̀ nìyẹn. Gbé e sórí ooru omi tó ń hó, rọra lọ́ ọ padà, dì í mú títí á fi tutù, lẹ́yìn náà kun ìsàlẹ̀ kó o sì fi pín-ìnnì há a mọ́ pátákó tó tẹ́jú. Ẹ̀kán epo lárà díẹ̀ nínú dóòpù náà máa ń dín súnkì yẹn kù.

Nígbà míì, dóòpù aláìláwọ̀ ni kó o kọ́kọ́ kùn, àbọ̀ dóòpù àbọ̀ tínà, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, máa fi sándípépà 400 ra á láàárín. Àwọ̀ ló kẹ́yìn, kó sì fẹ́lẹ́, torí àwọ̀ wúwo (èmi náà ti kun ọ̀kan rí tó dán bíi dígí, kò kúrò nílẹ̀).

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo methanol lo fẹ́ fi sí i, dóòpù tí wọ́n ń pè ní butyrate ni kó wà lókè, epo yẹn máa ń jẹ èyí tí wọ́n ń pè ní nitrate. O lè kun butyrate lé nitrate, má kun nitrate lé butyrate. Ṣí fèrèsé o, má sì tan iná kankan nítòsí, òórùn ẹ̀ ń gbaná.